Fìtílà Ọlọ́wọ́ Wáyà

Pàṣán mẹ́fà ni wọ́n fi na Oyèwálé lọ́jọ́ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí ó tọ́ sí i.

Ọdún 1980 ni, ní ilé-ìwé kékeré kan tí àwọn Ìmọ́lẹ̀ Míṣọ̀n dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rélùwéè Kọ́tásì ní Kánò. Ilé-ìwé náà kò tíì ní àmì tí wọ́n lè rán mọ́ àyà aṣọ àwọn ọmọ. Tísà George sọ fún àwọn Prámárì Fáìfù pé kí oníkálukú lọ ya àmì kan wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá wù wọ́n jù, míṣọ̀n ni yóò rán an lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Oyèwálé kò mọ ìṣirò, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ yíya nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kì í purọ́. Fìtílà tí bàbá rẹ̀ fi ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró ló yà. Ọwọ́ fìtílà náà ti kán tipẹ́, bàbá rẹ̀ sì ti fi wáyà wé e ní ìlọ́po mẹ́ta. Oyèwálé ya wáyà náà mọ́ ọn, nítorí pé bó ṣe rí ló ṣe yà á.

Tísà ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sábẹ́ àwòrán, kí lẹ́tà rẹ̀ dúró dáadáa. Oyèwálé gbé tirẹ̀ lọ bá Desmond, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan. Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni Desmond, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dà bí ìwé títẹ̀. Desmond bá a kọ orúkọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀, ó sì bá a gbé ìwé náà lọ fún tísà.

Nígbà tí wọ́n ní àmì fìtílà ló borí, tí wọ́n sì pe orúkọ Desmond lórí ìlà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Oyèwálé rò pé wọ́n ṣì í pè ni. Ó fò jáde láàárín àwọn ọmọ.

"Èmi ni mo yà á! Tísà, èmi ni mo yà á!"

Tísà George yíjú sí Desmond. "Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni, sà," ni Desmond wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n na Oyèwálé nítorí irọ́ pípa. Tísà tún ní kó dọ̀bálẹ̀ bẹ Desmond kó tó lè padà wọ kíláàsì. Oyèwálé kò dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ̀ nà án nílé, ìyá rẹ̀ sunkún, pásítọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀. Oyèwálé ní àfi kí Desmond kọ́kọ́ sọ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún, Desmond kò sọ ọ́, Oyèwálé náà kò sì wọ kíláàsì kankan mọ́ títí di òní tí ó ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Iṣẹ́ kíkọ pátákó ló lọ kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ibo Road ní Sábon Gàrí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń díye nígbà náà. Kí oníṣọ́ọ̀bù tó sọ̀rọ̀ tán, o ti ka iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ rẹ̀, o ti mọ owó rẹ. Ẹni tó bá ń jẹ́ Olúwaṣẹ́gunfúnmi, ìyà owó jẹ ẹ́. Àṣà mìíràn sì wà láàárín àwọn akọpátákó Sábon Gàrí, tí ẹnì kan kò kọ sílẹ̀ rí: a kì í gba owó àtúnṣe lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni. Bí òjò bá fọ àwòrán tí o yà, ọ̀fẹ́ ni wàá tún un yà. Bí ẹni méjì bá wá ń jà sí pátákó kan, tí oníkálukú ń sọ pé òun ló yà á, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn àgbà iṣẹ́ ń bi wọ́n: "Ta ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?" Òpùrọ́ kì í fẹ́ fi ọ̀dà rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá ní òdo ni owó òun, òun ló ni ín.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn báyìí. Oyèwálé ra ẹyọ kan, ó fi sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń jẹ́ Oyè Arts, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Pólì ni Ẹ̀bùn ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n jọ ń tì í.

Ní òpin oṣù kejì ọdún yìí ni Ẹ̀bùn gbé fóònù rẹ̀ wá bá a.

"Dádì, àwọn Ìmọ́lẹ̀ Míṣọ̀n fẹ́ tún bíráńdì wọn ṣe. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta mú ìwé iṣẹ́ àti iye owó wá, wọ́n pè wá mọ́ ọn."

"Kí ló ń jẹ́ bíráńdì?"

"Àmì wọn, pátákó wọn, àwọ̀ tí wọ́n ń kùn mọ́ ara bọ́ọ̀sì, gbogbo nǹkan tí ojú ń rí téèyàn fi ń mọ̀ pé àwọn ni."

Ilé-ìwé ẹlẹ́nu-ọ̀nà mẹ́ta ìjọ́sí ti di sẹ́kọ́ńdìrì mẹ́rin, ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti yunifásítì kan. Fìtílà náà ṣì wà lára gbogbo wọn. Ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó sì ń rọra kà á nígbà tí ó dé ibì kan.

"Wọ́n ní… wọ́n ní Dókítà Desmond ló ya àmì náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní wáyà ìlọ́po mẹ́ta tó wé mọ́ ọwọ́ fìtílà dúró fún ìdè ìfẹ́ àwọn olùdásílẹ̀ mẹ́ta."

Oyèwálé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ìdè ìfẹ́! Wáyà tí bàbá mi tú lára fẹ́ńsì rélùwéè! Ẹ wo ẹnu olè."

"Dádì, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó máa yẹ ìwé wa wò."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ẹ̀bùn gbọ́ ìtàn fìtílà yìí kó tó mọ A-B-D. Ó fà bẹ́ńṣì, ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá ti fún mi níṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ìparí oṣù kẹta. Bí a bá rí iṣẹ́ míṣọ̀n yìí gbà, mi ò lọ mọ́. Bí a ò bá rí i gbà, ṣọ́ọ̀bù yìí ò lè bọ́ èèyàn méjì, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ 1980 wọ inú ìwé yìí. Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí," ni Oyèwálé wí. Nígbà tí ó ń sọ ọ́, ó dá a lójú pé òótọ́ ni òun ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹ̀bùn fi ya fìtílà tuntun. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, wáyà kan ṣoṣo ló di gbogbo rẹ̀: wáyà náà wé mọ́ ọwọ́ fìtílà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di gíláàsì, ó di iná, ó di ìdí, láìgbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó fi han bàbá rẹ̀, Oyèwálé wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó fi ìka tọ ipa wáyà náà lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Èyí dára ju tèmi lọ," ni ó wí. Kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Iye owó ló wá kù.

"Lẹ́tà mẹ́wàá ló wà nínú Ìmọ́lẹ̀ Míṣọ̀n," ni Oyèwálé wí. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́tà kan. Fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lé e nítorí àwòrán. Kí ló tún kù?"

"Dádì, wọn kì í fi lẹ́tà ka irú iṣẹ́ yìí."

"Kí ni wọ́n fi ń kà á? Ẹsẹ̀ bàtà?"

"Ìrònú."

"Mélòó ni ìrònú kan?"

"Tèmi, mílíọ̀nù méjì."

"Haba!" Oyèwálé dìde. "Ṣé wúrà ni wáyà náà ni?"

Ẹ̀bùn rẹ́rìn-ín, ó fà á ní apá aṣọ kó jókòó. "Bí wọ́n bá lo àmì yìí fún ogún ọdún, ọmọ mélòó ló máa gbé e sáyà? Aláìsàn mélòó ló máa rí i lójú títì, tí á mọ̀ pé òun ti dé ilé ìwòsàn? Ohun tó máa ṣe fún wọn la fi ń díye lé e, Dádì. Kì í ṣe ọ̀dà. Tí a bá sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún, wọ́n á ní a ò mọ iṣẹ́, wọ́n á gbé e fún àwọn ará GRA Nàsàráwá tó ń wọ kóòtù."

Ìlà mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù iye owó. Ẹ̀bùn fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́: àtúnyà àmì, mílíọ̀nù méjì. Ìwé ìlànà bí a ó ṣe máa lò ó, mílíọ̀nù kan. Pátákó ibùdó méje, mílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ fi bírò kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ìwé lọ, Ẹ̀bùn ní láti sáré dé báǹkì lọ gba ìwé kan. Ó na fọ́ọ̀mù sí bàbá rẹ̀. "Ẹ kàn fi bírò tọ orí pẹ́ńsùlù yìí lọ. Ẹ má fi nǹkan kún un, ẹ má yọ nǹkan kúrò."

"Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó ti wọ inú kẹ̀kẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Oyèwálé kọ́kọ́ tọ ìlà kejì. Ó tọ ìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ lẹ́tà dáadáa, ọdún ogójì búrọ́ọ̀ṣì kò lọ lásán. Lẹ́yìn náà ó padà sí ìlà kìíní, ó sì dúró.

Àtúnyà àmì, mílíọ̀nù méjì. Ta ló ń gba owó lórí àtúnyà? Ẹni tí kò ni iṣẹ́. Ní gbogbo Ibo Road, bí Oyèwálé bá fọwọ́ sí i pé owó ni òun máa gbà kí òun tó tún fìtílà yẹn yà, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé kì í ṣe tòun. Desmond á wò ó, á rí i, á sùn dáadáa. Pàṣán mẹ́fà ọjọ́sí á di ohun tó tọ́ sí i. Ó gbé bírò sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rántí ìlérí tó ṣe. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìlérí òun ni pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Òdo kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ó fi rọ́bà pa mílíọ̀nù méjì rẹ́. Ó ya òdo kan síbẹ̀, ó rí roboto. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. 1980.*

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tíńtín kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ìlà mẹ́rin. Ó ka méjì àkọ́kọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ sí i.

Ó gbé e lọ fún Àbdùlàhí, ọmọ Ìlọrin tó ń gbẹ́ sítáǹbù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kó bá a lu sítáǹbù sí i. Àbdùlàhí na fọ́ọ̀mù sí ìmọ́lẹ̀. "Òdo ńkọ́, Bàbá Ẹ̀bùn?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ yà á."

"Áà." Àbdùlàhí mi orí, nítorí pé ó mọ àṣà. "Tóò. Ìyẹn yé mi. Wọ́n á mọ ẹni tó ni ín." Ó lu sítáǹbù, ó bá a lẹ àpò ìwé pa. Nígbà tí Ẹ̀bùn fi dé láti báǹkì, aago mẹ́ta ti kọjá, àkókò tí wọ́n dá fún gbígba ìwé ti ń tán lọ, kò sì sí àyè láti tún un ṣí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣí àwọn àpò ìwé ní gbọ̀ngàn míṣọ̀n ní Nàsàráwá. Ibẹ̀ tutù bí inú fìríìjì. Desmond jókòó sí àárín tábìlì gíga, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ awò ojú. Ó ti pẹ́ tí Oyèwálé ti máa ń fò sí òdìkejì títì bó bá rí i ní ibi ìsìnkú tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ yìí ó wò ó tààrà. Desmond wò ó padà, ó sì gbójú sórí ìwé.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon, dìde. Ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ka máàkì iṣẹ́. "Oyè Arts, méjìléláàádọ́rùn-ún. Àwọn ló ga jù." Ẹ̀bùn di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fún un títí ó fi ń dùn ún. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí Oyèwálé ń bẹ̀rù láyé.

Sharon wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó sókè, bí òfin ti wí. Ó ka ti ilé-iṣẹ́ kìíní, ó ka ti èkejì. Ó ya àpò tiwọn.

"Oyè Arts. Ìlà kìíní, àtúnyà àmì…" Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Òdo."

Ọkùnrin oníkóòtù kan bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ọ̀fẹ́? Ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn o."

Sharon kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ọ̀rọ̀ tíńtín ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù síta: ìlà kankan kò gbọdọ̀ ṣófo, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òdo, fọ́ọ̀mù tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́. Ó gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Oyèwálé dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ráńpẹ́ tó gbọ́ bẹ̀ ẹ́. "Màdáámù, ẹ dúró. Mílíọ̀nù méjì ni. Ẹ fún mi ní bírò, mo máa kọ ọ́ báyìí."

"Bàbá, a ti ṣí i. Kò sí ẹni tó lè kọ nǹkan sí i mọ́."

"Nǹkan kékeré ni, ẹ wò ó, màdáámù…"

"Ẹ máa bínú, sà. Òfin ni."

Ẹ̀bùn ti jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Dádì, kí lẹ ṣe?"

"Àṣà iṣẹ́ wa ni," ni Oyèwálé ń sọ, ohùn rẹ̀ kò sì dé ibi kankan. "Ẹni tó ni iṣẹ́ kì í gba owó lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé…"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dádì. Mi ò sùn. Ta ló ya èyí tó wà níbẹ̀ yẹn?" Ó nàka sí tábìlì, ohùn rẹ̀ sì ya. "Èmi ni mo yà á. Èmi ni mo yà á!"

Oyèwálé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé orí ìlà ilé-ìwé ni òun ṣì wà. Ẹ̀bùn gbé báàgì rẹ̀, ó kí ìgbìmọ̀ lọ́nà tó yẹ, ó sì jáde. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Sharon," ni Desmond wí, "kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo yẹn?"

Sharon kò gbọ́ Yorùbá, ó na ìwé náà sí i. Desmond kà á. Ó yọ awò rẹ̀.

"Oyè," ni ó wí ní Yorùbá, "kí ni wáyà yẹn?"

"Wáyà ni. Ọwọ́ fìtílà bàbá mi kán. Ó tú u lára fẹ́ńsì rélùwéè."

"Mi ò mọ̀ rí." Desmond ń fi ìka nu ojú awò tí kò dọ̀tí. "Wọ́n bi mí nígbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdìrì, mo ní láti wá nǹkan sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ lọ títí di òní."

Desmond yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kó mú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ kó kọ.

"Ṣé lórí fọ́ọ̀mù Oyè Arts ni, sà?" ni Sharon béèrè. "Ṣé ẹ fẹ́ ká dá a padà?"

"Rárá. Mi ò lágbára lórí ìyẹn. Òfin ti mú un."

Oyèwálé ṣì dúró. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi dúró de ohun tó ń bọ̀ yìí. Ó ti rò ó nígbà àìmọye pé òun á fò sókè, pé òun á ní kí ó tún un wí kí gbogbo ayé gbọ́. Etí rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Níta, ẹnì kan ń pe kẹ̀kẹ́.

"Kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo ya fìtílà náà," ni Desmond wí, ó sì ń sọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ kí Sharon lè bá a. "Oyèwálé ló yà á. Tísà bi mí níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo ní èmi ni, wọ́n sì nà án. Irọ́ ni mo pa."